Kí Bàbá àti Màmá Má Baà Dá Jókòó Sílé: Ìbéèrè Tí Àwọn Ọmọ àti Ará Àdúgbò Máa Ń Bi Wá

Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, ilé wọn sì dára. Kí ló tún kù?

Èèyàn ló kù. Àgbà tó ní oúnjẹ ṣùgbọ́n tí kò rẹ́ni bá a jẹ ẹ́ yóò máa ṣá a jẹ títí ara rẹ̀ yóò fi gbẹ. Tí kò bá rẹ́ni bá sọ̀rọ̀, kò ní í jáde. Tí kò bá jáde, oríkèé ẹsẹ̀ á le, ìṣubú á sì sún mọ́ tòsí. Púpọ̀ nínú àárẹ̀ tí à ń pè ní ti ọjọ́ ogbó, ìjókòó ló fà á.

Ohun kan ni àwa tí à ń gbani nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ àgbà máa ń kọ́kọ́ bi ọmọ tó bá wá bá wa: láàárín ọ̀sẹ̀, ibo ni wọ́n ti ń retí Màmá yín? Ibi tó jẹ́ pé tí wọn ò bá yọjú, ẹnì kan á ní, "Ìyá Àdùkẹ́ dà? Mi ò rí wọn lónìí." Tí irú ibẹ̀ bá wà, ẹ ti ṣe ìdajì iṣẹ́. Tí kò bá sí, ẹ̀rọ amúlétutù àti tẹlifíṣọ̀n ńlá kò lè dí àyè rẹ̀.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé wọ́n ti ń dá wà? Wọn kì í ráhùn.

Wọn ò ní í sọ ọ́. Ohun tí ẹ máa gbọ́ ni "ara ń ro mí", "mi ò rí oorun sùn", ẹ̀yin á sì máa ra oògùn kún oògùn. Ẹ wo ibòmíràn: aṣọ ìjáde tí kò kúrò nínú àpótí láti ìgbà pípẹ́, ìkómọ tó wáyé ní ojúlé kejì tí wọn ò gbọ́ nípa rẹ̀, ìpè fóònù tí wọn ò fẹ́ kó parí, ìtàn tó jẹ́ ti òkú nìkan. Ìyẹn tó kẹ́yìn yìí, ẹ fetí sí i dáadáa. Láàárín ọdún díẹ̀, àgbà lè sin gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ tán, kó wá di pé kò sí ẹnikẹ́ni tó mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé ìwé mọ́.

Tí àìsùn àti àìjẹun bá lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí wọ́n bá ń sọ pé ayé ti sú àwọn, ẹ mú wọn lọ rí dókítà. Àìsàn ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ó sì ní ìtọ́jú.

Ibo gan-an ni àgbà ti lè rí ẹgbẹ́ ládùúgbò?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀ kó tó di pé ẹsẹ̀ wọn fà sẹ́yìn. Fún Mùsùlùmí, àsálátù àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni. Fún Kristẹni, ẹgbẹ́ Ìyá Ìjọ, ẹgbẹ́ Bàbá Ìjọ, tàbí ẹ̀kọ́ Bíbélì àárín ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ìjọba fẹ̀yìn tì ní ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì, tó ní ẹ̀ka káàkiri ìpínlẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n ń tìtorí ẹ̀ ṣèpàdé, ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń pẹ́ kí wọ́n tó túká, ẹ ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ju owó lọ. Ẹgbẹ́ onílé àti ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò náà ń wá ẹni tó mọ ìtàn ilẹ̀ àti ààlà. Ìmọ̀ yẹn, orí àwọn àgbà ló wà.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wà. Ayé mọ̀ wọ́n nítorí aṣọ àti ẹṣin tí wọ́n fi ń jó wọ Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ṣùgbọ́n ohun tó wúlò jù fún àgbà ni pé ẹni tí wọ́n bí sí ìgbà kan náà ní ẹgbẹ́ tí kò lè gbàgbé rẹ̀. Ìlú tí kò ní irú rẹ̀ lè fi ẹgbẹ́ ọmọ ilé ìwé àtijọ́ ṣe é.

Ọpọ́n ayò kò wọ́n. Ihò 12, ọmọ ayò 48, àga méjì lábẹ́ igi, ó tán. Ẹni tó ń fi ojú ka ọmọ inú ihò kó tó gbé e, tó ń rántí ohun tó kó sí ihò kẹrin ẹni kejì, ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ gidi. Èébú tí ọ̀ta máa ń bú ọ̀pẹ gan-an, oògùn ni. Àbùkù rẹ̀ ni pé kì í fa àwọn ìyá jáde. Tiwọn, iṣẹ́ ọwọ́ ló máa ń kó wọn jọ: ẹ̀gúsí bíbó, ẹ̀wà ṣíṣà, tàbí èésú tí wọ́n ń dá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ kó ẹ̀gúsí tí kò tíì bó sílé Màmá, kí ẹ pe ìyá méjì sí i. Ẹ ó rí i bí ọ̀rọ̀ á ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ilé wa ní fẹ́ǹsì gíga àti géètì. Ṣé ìyẹn kan ọ̀rọ̀ yìí?

Ó kàn án gan-an. Ilé àtijọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí ọ̀nà: Bàbá jókòó, ayé ń kọjá, ayé ń kí i. Ẹ̀yin kọ́ ilé tó dára ju tiwọn lọ, ẹ sì fi bíríkì dí wọn lójú. Ẹ gbé bẹ́ǹṣì kan sí ìta géètì, níbi tí òjìji bá wà láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá ló ní àwọn ò lọ síbì kankan. Ṣé kí a fipá mú wọn?

Rárá. Ẹ wá ìdí rẹ̀, torí ìdí tí wọ́n bá sọ kì í sábà jẹ́ òótọ́ rẹ̀. Bàbá tó ń tọ̀ léraléra kò ní í lọ jókòó wákàtí mẹ́ta níbi tí kò mọ ilé ìtọ̀ sí. Ẹ mú un lọ rí dókítà nítorí prostate, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀, tó lè wú, kí ẹ sì bá wọn wo ilé ìtọ̀ ibi ìpàdé ṣáájú. Ẹni tí etí rẹ̀ ti ń di máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín ohun tí kò gbọ́. Nígbà tó bá yá, yóò kúkú dúró sílé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ inú etí wò fún ìdọ̀tí kí ẹ tó máa ronú ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. Ojú tó ti ń ṣókùnkùn náà ń dá àgbà dúró sílé. Tó bá jẹ́ cataract ló fà á, ìyẹn funfun tó máa ń wà nínú ẹyinjú, iṣẹ́ abẹ kékeré ló ń mú un kúrò.

Owó náà ń ṣe é, ìtìjú ni ò sì jẹ́ kí wọ́n sọ. Ẹgbẹ́ dá aṣọ, Bàbá ò ní owó rẹ̀, wọn ò sì fẹ́ kí ẹ̀yin gbọ́. Ẹ má lọ san án fún akápò ẹgbẹ́ fúnra yín o. Ẹ fi sí ọwọ́ Bàbá, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn san án lójú gbogbo èèyàn.

Àwọn kan wà tí wọn ò fẹ́ràn èrò láti ìgbà èwe. Ẹ má sọ wọ́n di ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́ lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Ọ̀rẹ́ kan tó ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó irú wọn.

Irú ìdárayá wo ló bá àgbà mu?

Àjọ elétò ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé kí ẹni tó bá ti pé ọdún 65 fi ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ṣe ìdárayá tí kò le jù. Ìyẹn jẹ́ ìrìn 30 ìṣẹ́jú lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún. Wọ́n tún ní kó fi ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán ṣe èyí tó ń fún iṣan lókun, tó sì ń kọ́ ara bí kò ṣe ní í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́: kí wọ́n dìde lórí àga láìfi ọwọ́ tì í, kí wọ́n di ògiri mú kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Ẹni tí kò bá lè ṣe tó bẹ́ẹ̀, kó ṣe ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ gbà.

Ìrìn tó ní ibi tó ń lọ ló máa ń tọ́jọ́. Ẹ sọ fún Bàbá pé kí wọ́n máa yí ilé po, wọn ò ní í ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n mọ́ṣáláṣí ní ìdájí, ọ̀dọ̀ alákàrà, ebè ewédú ẹ̀yìn ilé, wọn ò ní í pa ìyẹn jẹ. Kí wọ́n lọ kí oòrùn tó mú, kí wọ́n wọ bàtà tó dì mọ́ ẹsẹ̀, kì í ṣe sílípáàsì tó ń yọ̀. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó sẹ́bàá ibùsùn díẹ̀ kó tó dìde, torí òyì lè kọ́ ọ.

Màmá ṣì fẹ́ máa tajà, ojú sì ń ti àwa ọmọ. Ṣé kí a palẹ̀ igbá náà mọ́?

Ẹ fi í sílẹ̀. A mọ̀ pé àwọn kan á ní, "Ọmọ rẹ̀ wà ní Canada, òun ṣì ń ta máàgí." Ẹ jẹ́ kí wọ́n wí. Ìyá tó jókòó ti ọṣẹ, ìṣáná àti máàgí níwájú ilé ń rí èèyàn ogún, ọgbọ̀n, lójúmọ́. Ó ń ṣírò owó, ó ń fún wọn ní ṣéńjì, ó mọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ àti ẹni tó jẹ gbèsè. Àwọn ọmọ tó gba igbá lọ́wọ́ ìyá wọn nítorí àpọ́nlé sábà máa ń padà wá bá wa láàárín ọdún kan, wọ́n á ní Màmá ti yí padà.

Wàhálà inú rẹ̀ ni kí ẹ mú kúrò. Kí wọ́n má lọ sí Bódìjà tàbí Mile 12 ní ìdájí mọ́, kí wọ́n má ru ẹrù. Kí ẹnì kan máa bá wọn gbé ọjà wá sílé. Ẹ ra àga tó ní ìfẹ̀yìntì àti agbòòrùn ńlá. Tí wọ́n bá ní ẹgbẹ́ lọ́jà, ẹ má jẹ́ kí orúkọ wọn kúrò níbẹ̀, kódà tí wọn ò bá ní ìsọ̀ mọ́.

Ṣé kò ní í dáa kí a kúkú kó wọn wá sọ́dọ̀ wa l'Ékòó?

Ìdáhùn wa máa ń bí àwọn kan nínú: tí ara wọn bá ṣì gbé e, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ níbi tí wọ́n mọ̀. Ní Ìsẹ́yìn tàbí Ìkìrun, Màmá lè wà láìlówó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹni mẹ́wàá ló máa kí wọn kí wọ́n tó dé ìkóríta, méjì nínú wọn á sì ki oríkì wọn. Wọ́n wá dé fúláàtì òkè kẹta ní Lẹ́kkí. Ẹ ti jáde ní aago márùn-ún ìdájí nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ dé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ọmọ ọ̀dọ̀ kò gbọ́ èdè wọn. Ẹ̀yin rò pé ẹ ti gbé wọn sínú ìgbádùn.

Ìgbà tí kíkó wọn di dandan wà: tí wọ́n bá ti ń ṣubú láìsí ẹni tó máa gbé wọn dìde, tí wọ́n ń gbàgbé iná lórí sítóòfù, tí ààbò ìlú ti bàjẹ́, tàbí tí ilé ìwòsàn tí wọ́n ń lọ jìnnà jù. Nígbà náà, ẹ jẹ́ kó jẹ́ àbẹ̀wò oṣù kan ná. Ẹ wá ìjọ tàbí mọ́ṣáláṣí irú tiwọn kí wọ́n tó dé, kí ẹ sì fi wọ́n lé ẹnì kan lọ́wọ́ níbẹ̀, ẹni tó jẹ́ ẹgbẹ́ wọn. Ìsàlẹ̀ ni kí yàrá wọn wà.

Èyí tí àwọn ọmọ kì í gbọ́ sí wa lẹ́nu: ẹ má fi yàrá wọn nílùú háyà. Ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ yẹn bá wà lọ́wọ́ wọn, àlejò ni wọ́n ń ṣe l'Ékòó. Ìgbà tí ẹ bá gbà á, wọ́n ti di ẹni tí kò nílé.

Òkè òkun la wà. Yàtọ̀ sí owó, kí la lè ṣe?

Owó náà ni, ṣùgbọ́n ẹ yí ọ̀nà tó ń gbà padà. Dípò kí gbogbo rẹ̀ bọ́ sórí oúnjẹ àti oògùn, ẹ yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìjáde: ọlọ́kọ̀ tàbí oníkẹ̀kẹ́ Màrúwá kan tí wọ́n mọ̀, tó ń gbé wọn lọ sí àsálátù tàbí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tó sì ń dúró gbé wọn padà. Ẹ yọ díẹ̀ fún àlejò, kí Màmá lè ní mínírà àti bisikíìtì tí wọ́n máa gbé síwájú ẹni tó bá wá kí wọn. Àgbà tí kò ní ohun tó máa fi ṣàlejò kì í fẹ́ kí àlejò wá.

Ẹ bá aládùúgbò kan sọ ọ́ láàárín ara yín pé kó máa yọjú láràárọ̀. Ẹ tọ́jú rẹ̀ lọ́dún, Kérésìmesì tàbí Iléyá, ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ di iṣẹ́ olówó oṣù. Ọjọ́ tí owó bá pẹ́, ìkíni náà á pẹ́.

Ìpè fóònù yín dára. Kó má ṣe jẹ́ òun nìkan ni ohùn tí wọ́n ń gbọ́ lọ́jọ́ náà.

Fóònù wo ló dáa fún wọn, jìbìtì ńkọ́?

Èyí tí wọ́n bá lè dá lò. Fóònù kékeré tó ní bọ́tìnnì ló tẹ́ ọ̀pọ̀ lọ́rùn. Ẹni tó bá fẹ́ WhatsApp, ẹ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gba ohùn sílẹ̀ ránṣẹ́, torí lẹ́tà títẹ̀ máa ń sú wọn. Rédíò náà ṣì lágbára, pàápàá ètò tí àwọn olùgbọ́ ń pè wọlé sí. Ní agbègbè Ìbàdàn, Amúlùúdùn 99.1 FM tó wà ní Mọ́níyà wà lára àwọn tó ń fi Yorùbá ṣètò.

Ní ti jìbìtì, òfin kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ́ wọn: nọ́ńbà àṣírí tí báńkì bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù, nọ́ńbà àṣírí káàdì ATM àti BVN, a kì í kà wọ́n fún ẹnikẹ́ni, kódà tó bá ní òun ń pè láti báńkì. Kí wọ́n gé e, kí wọ́n pè yín.

Ṣé ìjọba ń ṣe nǹkan kan?

Díẹ̀ ni. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà tó wà ní UCH Ìbàdàn, tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Tony Anenih pè, ṣí ní 2012. Ibẹ̀ la máa ń darí àwọn ará Ọ̀yọ́ àti agbègbè sí. Ìpínlẹ̀ Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í san 5,000 náírà lóṣù fún àwọn arúgbó kan ní 2011, nígbà ìjọba Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún àwọn àgbà, ṣùgbọ́n ọjọ́ òmìnira wa ni pẹ̀lú, ariwo ìyẹn sì ń bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ má dúró de ìjọba kí ẹ tó gbé bẹ́ǹṣì síta.

A ò bá wọn tan, aládùúgbò lásán ni wá. Ṣé a lè dá sí i?

Ẹ lè dá sí i, kò sì gba owó. Ẹ ní kí ọmọ yín máa yà kí wọn lójoojúmọ́ tó bá ń ti ilé ìwé bọ̀. Ẹ bèèrè nǹkan lọ́wọ́ wọn: kí wọ́n bá yín wo àgbo ọmọ, kí wọ́n bá yín dá sí ìjà tọkọtaya ojúlé kejì, kí wọ́n kọ́ ọmọ yín lówe. Àgbà tí à ń bèèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí à ń ṣàánú.

A mú Màmá wá sí London láti bá wa gbé ọmọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé, wọn kì í sọ̀rọ̀ mọ́.

Òtútù ni ẹ máa kọ́kọ́ dá lẹ́bi, àmọ́ ẹ wo ètò ọjọ́ wọn. Ọmọ ọwọ́, ilẹ̀kùn títì, ojúlé kejì tí kì í kí ni. Ẹ fi ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tú wọn sílẹ̀ pátápátá kúrò lọ́dọ̀ ọmọ. Ẹ mú wọn lọ sí Rye Lane ní Peckham kí wọ́n fúnra wọn yan ata rodo àti èlùbọ́, kí wọ́n sì ná an, bí ọlọ́jà náà ò tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n ná an. Ẹ kọ́ wọn ní ọ̀nà bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, láti ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì, títí wọ́n á fi lè dá lọ. Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé gan-an, kì í ṣe físà ìbẹ̀wò, ẹni tó ti pé ọdún 60 ní London lè gba káàdì tí wọ́n fi ń wọ bọ́ọ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní Houston àti irú ìlú bẹ́ẹ̀, ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹni tí kò wa mọ́tò kò lè dé ibì kankan. Ẹ bá ìdílé Yorùbá méjì, mẹ́ta, tí wọ́n ní ìyá nílé ṣàdéhùn, kí àwọn ìyá máa pàdé nílé ara wọn ní ìyípoyípo. Tí wọ́n bá sì ní àwọn fẹ́ padà sílé, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ kí oṣù mẹ́fà tó pé.

Bàbá ti ń gbàgbé nǹkan, wọ́n ti ṣìnà lẹ́ẹ̀kan. Ṣé kí a máa tilẹ̀kùn mọ́ wọn?

Ẹ mú wọn lọ fún àyẹ̀wò ná. Àkóràn inú ìtọ̀, ṣúgà tó lọ sílẹ̀, oògùn tí kò bá ara mu, gbogbo ìwọ̀nyí lè da orí àgbà rú, wọ́n sì ṣeé wò. Tó bá jẹ́ àrùn ìgbàgbé gan-an, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ti òyìnbó ni. Àwọn onímọ̀ yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí fún ọdún púpọ̀ láàárín àwọn àgbà ní Ìdíkàn, Ìbàdàn, àti àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Èsì tó jáde ní 2001 fi hàn pé iye àwọn tó ń ní in lọ́dọọdún ní Ìbàdàn kò tó ìdajì ti Indianapolis. Ó kéré, ṣùgbọ́n ó wà. Àwa ni à ń pè é ní "wọ́n ti ń ṣarán", tí a sì ń fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Tí ẹ bá tilẹ̀kùn mọ́ wọn lójoojúmọ́, ìbínú àti ìdàrúdàpọ̀ á pọ̀ sí i. Ẹ sọ fún àdúgbò. Ọlọ́kadà ìkóríta, onísọ́ọ̀bù, alákàrà, kí gbogbo wọn mọ̀ pé tí Bàbá bá ti kọjá ibẹ̀, kí wọ́n rọra bá wọn yí padà, kí wọ́n pè yín. Ẹ rán nọ́ńbà fóònù yín mọ́ inú aṣọ wọn. Ọ̀nà kan náà ni kí ẹ máa gbà bá wọn rìn, ní àkókò kan náà. Òru nìkan ni títì ilẹ̀kùn bọ́gbọ́n mu, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ wà nílé pẹ̀lú wọn.

Àwọn kan ládùúgbò ti ń pe Màmá wa ní àjẹ́. Kí la máa ṣe?

Ẹ má fi ṣeré, ẹ má sì dúró kó rọlẹ̀. Ìyá tó ń dá sọ̀rọ̀ lóru, tó ń rìn láìwọṣọ, tàbí tó ń jẹ́wọ́ pé òun ló pa ọmọ òun tó kú lógún ọdún sẹ́yìn, àìsàn ló sábà ń ṣe é. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó le máa ń jẹ́ kí èèyàn ka ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá sí ara rẹ̀ lọ́rùn. Ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta ti ń tọ́jú irú rẹ̀ láti àwọn ọdún 1950. Ibẹ̀ tàbí UCH ni kí ẹ gbé wọn lọ, kì í ṣe ibi tí wọ́n á ti fi wọ́n jẹ́wọ́ lójú èrò.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá baálẹ̀, pásítọ̀ tàbí lémọ́ọ̀mù tí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ náà ń bẹ̀rù, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ara Màmá ni kò yá. Tí ìhalẹ̀ bá ti wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni: abala 210 nínú Criminal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, ka fífi àjẹ́ sun èèyàn sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé èèyàn lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì. Tí ọ̀rọ̀ ò bá sì rọlẹ̀ kíá, ẹ gbé Màmá kúrò níbẹ̀ ná. Lórí èyí náà, a kò ní í sọ pé kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ níbi tí wọ́n mọ̀.

Màmá ti kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Bàbá, ẹni ọdún 76, ní àwọn fẹ́ fẹ́ ìyàwó. Ẹ bá wa sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin la máa bá sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ìran wọn kò ní alábàárò mìíràn ju ìyàwó lọ. Tó bá ti kú, ẹgbẹ́ tí ìyàwó ń bá wọn mú dání náà tú ká. Bí Bàbá ṣe ń wá ẹni tí wọ́n á jọ jẹun alẹ́ kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti gbàgbé ìyá yín. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ìyá opó tó bá rí ọ̀rẹ́kùnrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ayé kì í dákẹ́ lórí tiwọn.

Ohun tó ń bà yín lẹ́rù gan-an ni ilé, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ẹ jókòó pẹ̀lú Bàbá àti lọ́yà kí ìgbéyàwó tó wáyé, kí wọ́n kọ ìwé ìpíngún, kí obìnrin náà sì mọ ohun tó jẹ́ tirẹ̀ àti èyí tí kì í ṣe tirẹ̀. Tí ó bá ṣì gbà láti wá lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ kí i káàbọ̀, kí ẹ sì bi í irú ọbẹ̀ tó mọ̀ ọ́n sè, torí ẹ̀jẹ̀ Bàbá ń ru, iyọ̀ kò gbọdọ̀ pọ̀ nínú oúnjẹ wọn.